Ihò Tí Wọ́n Lù Sí Ògiri Mi

Cañadón Bayo,
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Lisandro, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Èmi Ercilia ìyá rẹ ló ń kọ ìwé yìí. Inú mi ń ru bí omi orí iná, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ìbínú gbàgbé ìkíni, nítorí náà mo kí ọ, bàbá rẹ náà kí ọ. Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn lé ọ lórí ní Neuquén tí o wà yẹn, àmín. Yìnyín ti bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù Okúdù yìí, ó pa àgùntàn mẹ́rin, ṣùgbọ́n abo aláwọ̀ eérú yẹn bí ìbejì, ọ̀rọ̀ ilé kò burú jù. Ọ̀rọ̀ gáàsì ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Nígbà tí wọ́n gbé páìpù gáàsì dé abúlé wa, ìwọ lo ní kí a fi igi lílà sílẹ̀, pé bàbá rẹ ti dàgbà ju ẹni tí í gbé àáké lọ. Mo gbà fún ọ. Oníṣẹ́ gáàsì kan tó ń jẹ́ Quilodrán wá, ó kan àpótí irin mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó tan iná sí i, ilé sì gbóná. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ni mo bá rí i tó gbé ẹ̀rọ, tó lu ihò méjì sí ògiri mi, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ihò tí ìkúùkù bàbá rẹ wọ̀ dáadáa! Ó fi irin oníhò wẹẹrẹ bò ó, ó ní òun ti parí. Mo ní ìwọ Quilodrán, ṣé orí rẹ pé? A ní kí o gbé ooru wá fún wa, o wá ń lànà fún òtútù! Ó ní Màmá, iná yìí ń mí bí ènìyàn ni o, bí kò bá rí afẹ́fẹ́ tirẹ̀ mí, tiyín ló máa gbà. Mo ní iná igi tí mo ti ń dá láti ogójì ọdún kò mí rí, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí àfi igi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ má dí i o, ló bá wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta ni atẹ́gùn dé. Ó ń gba inú ihò náà wọlé, ó ń súfèé, ó ń gbé aṣọ orí tábìlì mi sókè bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo ní irọ́ ni, a kì í fowó ọmọ mi ra ooru kí atẹ́gùn wá bá mi kó o lọ. Mo yọ irin náà, mo mú irun àgùntàn, mo rọ́ ọ sínú ihò méjèèjì títí kò fi gbà mọ́. Ilé dákẹ́. Nígbà tó yá, iná tó ti ń jó bí àwọ̀ aró tẹ́lẹ̀ wá ń pọ́n bíi pupa ẹyin. Inú mi dùn, mo sọ fún bàbá rẹ pé ó ti wá jọ iná gidi wàyí. Gíláàsì fèrèsé ń làágùn, mo ní ooru ti tó nìyẹn. Orí ń fọ́ mi, mo ní wàràkàṣì tí mo jẹ ni. Gbogbo abúlé sì ló mọ̀ pé tí a bá gbé ìkòkò omi pẹ̀lú ewé yukalíptọ́ọ̀sì lé iná náà lórí, omi náà á fa gbogbo ibi inú gáàsì mu. Mo gbé e lé e. Ní àárọ̀ àti ní alẹ́ ni mo ń fi imú wá òórùn kiri, torí gáàsì tó ń pani a máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Tiwa kò rùn rárá. Kí ni mo wá fẹ́ bẹ̀rù?

Àná tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀sán gangan, mo ń po ìyẹ̀fun, bàbá rẹ jókòó ti iná, wọ́n ń fa tíì máte wọn. Mo bi wọ́n léèrè àgùntàn, wọ́n ń dáhùn bí ẹni tí òwú kún ẹnu rẹ̀. Ife bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dorí lé tábìlì. Mo ní háà, Abelino! Ọtí! Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi! Lẹ́yìn ìbúra tí o ṣe níwájú àlùfáà! Mo bú wọn títí, wọn ò fèsì, ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù. Ẹsẹ̀ èmi náà ń gbọ̀n, mo rò pé ìbínú ni. Mo ní ọ̀mùtí kan ò ní sùn nídìí iná mi. Mo di ọrùn ẹ̀wù wọn mú, mo wọ́ wọn nílẹ̀ bí àpò irun àgùntàn, mo já ilẹ̀kùn ṣí, mo sọ wọ́n sínú yìnyín, èmi náà sì ṣubú lé wọn lórí. Mo tilẹ̀ gbá wọn létí, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òórùn ẹnu wọn. Kò sí ọtí níbẹ̀, ọmọ mi. Tíì lásán ni.

Nígbà tó ṣe, wọ́n lajú, wọ́n bì, wọ́n ní Ercilia, kí ni mo ṣe fún ọ? Ẹkún ni mo ń sun.

Romilda, nọ́ọ̀sì abúlé wa, ló gbọ́ igbe mi tó sáré dé. Ó pa iná náà, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó rí irun tí mo kì bọ ihò, ó wò mí, ó ní Màmá, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ dàgbà jù mí lọ, ǹ bá bú yín. Ó ní òórùn ẹyin yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sínú gáàsì ni kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ pa wá, inú iná tí kò rí afẹ́fẹ́ ló ti ń jáde, kì í rùn, a kì í rí i, ewé kankan kì í sì í fà á mu. Iná tó pọ́n, orí tó ń fọ́, gíláàsì tó ń làágùn, gbogbo ohun tí mo ń yọ̀ sí, àmì rẹ̀ ni. Mo fi ìbínú bi í pé kí ló dé tí wọn ò fi òórùn sára èyí tó ń pani? Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣe é, Màmá, iná fúnra rẹ̀ ni. Mo ní ó dáa, Quilodrán náà ì bá dúró ṣàlàyé, kì í ṣe kó máa fi ẹ̀rín bò ó. Mo ṣì ń bínú sí i o. Ṣùgbọ́n mo ti fa irun náà yọ, ihò ń súfèé, mo sì wọ aṣọ òtútù méjì lé ara wọn. Bàbá rẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí, wọ́n ní etí ń dun àwọn.

Lisandro, kì í ṣe ìròyìn nìkan ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Lóṣù tó kọjá tí o ní yàrá rẹ tutù, pé ihò kan wà lókè iná gáàsì rẹ, ta ló ní kí o dí i? Èmi ni. Ta ló di irun àgùntàn ránṣẹ́, tó ní kí o kì í dáadáa? Èmi náà ni. Láti àná ni mo ti ń fi fóònù Romilda pè ọ́, obìnrin kan ló ń gbé e. Ó ní ẹni tí mo ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo fi pẹ̀lẹ́ kí i, mo ní ọmọbìnrin, èmi ni ìyá rẹ̀, jọ̀ọ́ bá mi dìde kí o fa irun inú ihò yẹn yọ. Kò kí mi padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà! Romilda ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ wo ló ń gbéra ga báyẹn? Bó bá jẹ́ ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ ni, n kò gbà.

Ìdí nìyí tí mo fi fi ìwé yìí rán Painemal, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Mo ní kó má fi í sí abẹ́ ilẹ̀kùn, kó kànkùn títí o fi máa ṣí i, bí o kò bá ṣí i, kó fọ́ ọ, èmi ni mo ní kó fọ́ ọ. Bá mi fi owó ọkọ̀ rán an padà, ti àlọ nìkan tó, mo fẹ́ wá fojú ara mi rí ògiri yàrá rẹ.

Ṣùgbọ́n bí o bá ka ìwé dé ibí, tí irun ṣì wà nínú ihò náà, gbé ìwé sílẹ̀ ná. Lọ fà á yọ.

Ṣé o ti fà á?

Ó dáa. Èémí kò ní wọ́n ọ. Wàá pẹ́ láyé, wàá sin èmi àti bàbá rẹ, a kò ní sin ọ́.

Èmi ni,
Ercilia, ìyá rẹ.