Ẹsẹ̀, Ó Dàbọ̀

Oyèkẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún ọ rán ní Kútọnu. Abẹ́rẹ́ rẹ kò ní gún ọ lọ́wọ́, oníbàárà rẹ kò ní di ẹlẹ́jọ́ rẹ. Àmín.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Ikpinlè níbí, màá gbé kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá fi àkísà nu eruku orí ìjókòó rẹ̀, màá so bídọ̀n omi mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, màá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, màá tẹ̀ba lé e, màá sì máa tì í lọ síbi ẹ̀rọ omi. N kì í gùn ún. O mọ̀ pé bí mo bá nàró rìn, kí n tó dé ìdí ọ̀pẹ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á ti máa jó mi bí ẹni pé mo kì wọ́n bọ epo gbígbóná, àmọ́ bí mo bá ti tẹ̀ba síwájú, ara á tù mí. Rùkáyátù aládùúgbò wa bi mí pé ọjọ́ wo ni kẹ̀kẹ́ náà máa tó gbé mi, nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo ń gbé e kiri.

Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí ọ nítorí bí mo ṣe sá kúrò lọ́sibítù, tí o sì ní dókítà tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀yìn mi náà á padà sí ìlú rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ. Ohun tí o túmọ̀ fún mi yé mi dáadáa: ihò inú ọ̀pá ẹ̀yìn mi ti fún, ó fún àwọn iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ mọ́ra, wọ́n á wá ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ ara mi, á máa ta iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ kí ìrora má baà ráyè dé orí mi. Bí fóònù ni. Bí ẹnì kan bá ti wà lórí ìlà, olóríburúkú tó ń pè kò ní wọlé. Ohun tí kò yé mi kò ju ẹni tí yóò máa ra yúnítì sí i lọ.

Àmọ́ nígbà tí o jáde lọ ra oògùn, dókítà sọ Faransé púpọ̀ sí mi, ó wá gbá mi lórúnkún pẹ́pẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ẹsẹ̀, dàbọ̀. Ó tún un sọ! Ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi igi rìn. Ọmọ mi, ẹni tí wọ́n bá ń kí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ṣé á dúró ni? Mo fi méjèèjì sá nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tèmi.

Àṣé ìyà òpè ni mo jẹ. O mọ̀ pé mo ti wọ kíláàsì àwọn àgbà láti ìgbà tí mo ti Kpoulou wá sílé àbúrò mi Akínlọ́lá. N kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ̀yìn ni mo ń jókòó sí, ojú nìkan ni mo ń lò, kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ohùn mi rí. Lánàá, Augustin olùkọ́ wa fẹ́ ta alùpùpù rẹ̀ fún Cécile tó ń jókòó níwájú. Cécile na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́, ó ní, ẹsẹ̀, dàbọ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde tí mo kígbe pé ẹsẹ̀ ta ni! Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Augustin wá kọ ọ́ sójú pátákó, essai d'abord, ó ní Faransé ni, pé ká kọ́kọ́ dán an wò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Cécile gun alùpùpù náà yí ká, ó padà dé, ó ní ó ń tu èéfín jù, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kò sì sí ìjà.

Oyèkẹ́mi, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi fò! Ohun tí dókítà ń wí nìyẹn! Á kọ́kọ́ so ẹ̀rọ náà mọ́ mi níta fún ọjọ́ díẹ̀, bí ẹsẹ̀ mi kò bá gbádùn rẹ̀, á yọ wáyà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó. Mo gbà! Sọ fún un kó má tíì lọ o!

Rùkáyátù ti ní òun á máa wá gba iná fóònù òun lẹ́yìn mi, mo ní kó tò sórí ìlà. Akínlọ́lá ń bẹ̀rù pé bí mànàmáná bá kọ lójú ọ̀run, tẹ̀yìn mi á dá a lóhùn. Bí òjò bá ṣú, fóònù là ń pa nílé yìí, bá mi bi dókítà bóyá kí n máa pa ẹ̀yìn mi náà.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti bàtà tó ṣeé fi rìn, ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹsẹ̀ tìrẹ náà kò ní kọ lọ́nà, ibi tí o bá tẹ̀ á gbà ọ́, ọmọ tí ìwọ náà bá bí á gbé ọ dé ibi ìwòsàn.

Lọ́la, bí mo bá ti pọn omi dé, mo máa nu kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ mọ́ tónítóní, màá gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá sì kí i pé ó dàbọ̀. Àmọ́ n kò ní tà á o. Ká kọ́kọ́ dán an wò ná.

Èmi ìyá rẹ,
Ẹfúnwùmí