Olóríkunkun Kò Jẹ Àpọ̀jẹ Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọjọ́ kẹwàá tí mo ti ń da epo sóyà sí oúnjẹ ewúrẹ́ mẹ́ta. Mẹ́ta yòókù, koríko lásán. Ọ̀rá tó dáa fún ọkàn ti pọ̀ sí i nínú wàrà àwọn elépo. Inú Mo-ti-mọ̀, ọ̀gá tó ń darí ìwé oyè mi, dùn kọjá àlà. Ṣebí ó ti ń sọ ọ́ láti ogún ọdún pé epo kì í pa àpòlúkù ewúrẹ́ lára.
Àmọ́ Olóríkunkun, ọ̀kan nínú àwọn elépo, ti dùbúlẹ̀ láti àárọ̀. Kò jẹ àpọ̀jẹ rárá.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo ki ọ̀pá rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, mo fa omi inú rẹ̀ wò. Kò kan tó bó ṣe yẹ. Epo ti bo koríko, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń mú un kan ò ríṣẹ́ ṣe.
Mo-ti-mọ̀ ní itọ́ ló dà pọ̀ mọ́ ọn ni kò fi kan. Itọ́ kẹ̀! Ife àkọ́kọ́ ni mo máa ń dà nù nítorí itọ́, ọdún mẹ́rin rèé. Ṣé àná ni mo débí ni?

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo-ti-mọ̀ ní kí n yọ Olóríkunkun kúrò nínú iṣẹ́ náà, pé àìsàn ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ò ní fọwọ́ sí ìwé mi. Mo fàáké kọ́rí.

Ẹtì, 7
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè. Ṣé torí ewúrẹ́ kan ni mo ṣe fẹ́ fọ́ ọdún mẹ́rin dànù? Mo ní ó dàbọ̀.

Ọjọ́rú, 12
Mo ti gba epo lẹ́nu Olóríkunkun láti Ẹtì. Lónìí — àpọ̀jẹ, wọ́mú-wọ́mú! Mo jókòó sínú koríko, mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ó wá kan Ẹlẹ́wà láti máa jẹ epo báyìí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ koríko lásán tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24
Ẹlẹ́wà náà kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Itọ́, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìṣẹ́gun, 25
Ìyá Láàbù, tó ti ń fọ ìgò níbi tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò kí n tó dáyé, gbé ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan lé mi lọ́wọ́. Ìkọ̀wé Mo-ti-mọ̀ ni, nígbà tóun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ewúrẹ́ mẹ́sàn-án. Ìkẹsàn-án kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́ ní ọjọ́ kọkànlá tó ń jẹ epo. Mo sáré lọ ṣí ìwé oyè rẹ̀ — ewúrẹ́ mẹ́jọ.
Àánú rẹ̀ ṣe mí. Díẹ̀.
Mo gbé iṣẹ́ mi sórí tábìlì rẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́fà pé pérépéré, mo ṣí ìwé àtijọ́ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ní kí n tilẹ̀kùn.
Mo ní rárá sà, ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí.