Ìyá Tí Ò Ń Gé Èékánná Fún

Sí ọmọ mi, àkọ́bí mi, ẹni tó kọ́kọ́ sọ mí di ìyá,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara rẹ le koko? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí omi gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ńkọ́, àtẹ̀gùn ilé yín tó ga bí ẹni ń lọ sọ́run ńkọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí ò ní ilẹ̀kùn á máa ṣọ́ ọ. Bó o ṣe jáde láàárọ̀ lo ó máa padà wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ á pé, orí rẹ á pé, nǹkan ọwọ́ rẹ náà á pé. Àmín.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ṣì ń gẹ irun fún àwọn èèyàn, àmọ́ ojú wọn kan ò ríran tó mọ́, apá kan orí máa ń kúrú ju èkejì lọ, àwọn oníbàárà sì ń fi ọ̀wọ̀ gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Òrùlé ilé ìdáná ń jò. Ewúrẹ́ wa bímọ méjì, ó kọ ọ̀kan lọ́mú, ó wá ń fún ọmọ ewúrẹ́ aládùúgbò lọ́mú. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ fún ọ ni. Mi ò fi bá ẹnikẹ́ni wí.

Jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Bíríkìlà tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa, ẹni tó mọ ògiri wa tí ò dúró ṣánṣán yẹn, ti dé láti ìlú ńlá yín. Ó ní ilé tí òun lọ kọ́ dojú kọ ilé tí ò ń gbé gan-an. Ìdí ẹ̀rọ omi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, níwájú gbogbo ayé, bọ́kẹ́ẹ̀tì mi ò tíì kún. Ó ní láràárọ̀ ni òun ń rí ọ tó o di ọwọ́ ìyá arúgbó kan mú, tó ò ń mú un sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní o máa ń gbé báàgì rẹ̀, o máa ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ kó dúró kí ìyá náà lè sọdá títì, o máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn sí i létí. Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, o gbé àga síta, o gbé ẹsẹ̀ ìyá náà lé itan rẹ, ò ń gé èékánná rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín. Ó wá ní èyí tó dùn mọ́ òun jù níbẹ̀ ni pé Màmá lò ń pè é.

Màmá.

Gbogbo obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi ló kí mi kú oríire. Wọ́n ní mo tọ́mọ, wọ́n ní ọmọ tó ń ṣe oore lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Mo ń fi eyín rẹ́rìn-ín, mo sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo gbé délé, mi ò sì mọ̀ títí Bàbá rẹ fi béèrè bóyá omi ti gbówó lórí ni.

Ọmọ mi, ta ló ń gé èékánná tèmi? Ẹ̀yìn mi ò ṣeé tẹ̀ mọ́. Èékánná ẹsẹ̀ mi ti gùn débi pé òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí èmi tó wọlé. Mi ò ní kí o má ṣe oore o. Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo sọ fún ọ ní kékeré pé bó o bá rí àgbà tó gbé ẹrù, kí ọwọ́ rẹ dé ibẹ̀ kí ẹnu rẹ tó kí i. Èmi ni mo ní kí o máa dìde fún ẹni tó dúró. Àmọ́ mo rò pé a ó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ nílé ni kó tó di pé a ń gbé e kiri ìta. Má sì bínú pé “ó” ni mò ń pe obìnrin yẹn, tí mi ò pè é ní “wọ́n”. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú bírò yìí ò tó nǹkan.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkòríta, mo ní kó bá mi wá ojú rẹ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́, àwòrán yọ. Ta ni mo rí? Ìyá náà ni. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ló jókòó sí, aṣọ ìbora tí mo fi ọwọ́ ara mi rán fún ọ ló wà léjìká rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ pé kó má lọ sílé mọ́. Mo ní kí obìnrin náà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé màá mú Bàbá rẹ wá wò ó. Ká tó padà dé lọ́jọ́ kejì, àwòrán ti pòórá. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, fóònù ló máa ń pa á rẹ́ fúnra rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Fóònù wo ló mọ ìtìjú tó bẹ́ẹ̀? Mo mọ̀ pé ìwọ lo sáré kó o pamọ́ nígbà tó o gbọ́ pé mò ń bọ̀.

Bàbá rẹ ní ṣé wọ́n máa ń jí ọmọ tó ti hu irun funfun gbé ni. Mo ní àgbà ọmọ gan-an ni wọ́n ń jí, torí ọmọ kékeré ń náni lówó. Mo wá pinnu pé bó o bá ti gba ìyá míì, èmi náà á gba ọmọ míì. Mo pe ọmọbìnrin káfíńtà, mo ní láti òní lọ èmi ni ìyá rẹ, kó wá gé èékánná mi. Ó ní kí wá ni òun fẹ́ ṣe sí ti ilé. Mo ní kó máa lo ti ilé lálẹ́. Ọmọ náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ò ti kí mi dáadáa mọ́.

Orí èyí ni mo wà tí báńkì fi kọ̀wé sórí fóònù. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, obìnrin ìkòríta ló bá mi kà á. Wọ́n ní kí n wá fi ẹ̀rí hàn pé èmi gan-an ni èmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó tó o bá fi ránṣẹ́ ò ní wọlé mọ́. Ọmọ mi o! Ta ló ti lọ sọ fún báńkì pé òun ni èmi? Mo ro ọ̀tún, mo ro òsì, ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí, ẹni tó ń jẹ́ Màmá lọ́hùn-ún. Àbí kí ló tún kù? Ó ti gba bẹ́ẹ̀dì, ó ti gba aṣọ ìbora, ó ku ìwé báńkì.

Mi ò jẹun. Mo wọ bàtà tí mo ti rà sílẹ̀ de ìgbéyàwó rẹ, ìwọ náà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí bàtà ọ̀hún ti ń retí, mo gbọ̀nà báńkì lọ.

Ilẹ̀kùn wọn ṣí kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo dúpẹ́, mo ní ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi, ilẹ̀kùn ire ò ní tì mọ́ ọn. Mo yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n lè kí i dáadáa, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Irú oore tó dára nìyẹn, èèyàn ṣe é tán, ó lọ fara pamọ́. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mò ń ṣàdúrà fún un tí ẹ̀ṣọ́ fi ní kí n wọlé tàbí kí n jáde.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbì kan wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ. Mo rò ó dáadáa, mo kọ bíríkìlà, torí ògiri kan péré ló wà láàárín wa. Akọ̀wé béèrè pé kí ló fi bá mi tan. Mo ní ògiri ni. Ó ní ṣé mi ò bímọ ni. Mo ní mo bímọ, ọ̀nà ló jìn, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wo fọ́ọ̀mù tìrẹ bóyá orúkọ arúgbó kan ló wà níbẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́dọ̀ wo ti ẹlòmíì. Mo ní ṣé arúgbó ọ̀hún ò tíì wá síbí wá sọ pé òun ni èmi? Ó wo mí, ó wo ẹ̀ṣọ́, ó ní kí n máa bọ̀ wá tẹ̀ka.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni, ó ń tan iná pupa. Mo tẹ àtàǹpàkò lé e, ó ké. Mo tẹ ti ọwọ́ kejì, ó tún ké. Akọ̀wé ní ẹ̀rọ ò rí ìlà kankan lórí ìka mi, pé ó ti pa rẹ́. Mo ní báwo ni ìka mi á ṣe pa rẹ́ lára mi? Ó ní ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe. Ọmọ mi, gbogbo aṣọ tí mo fọ̀ fún àwọn èèyàn kí ìwé rẹ tó parí, ibẹ̀ ni ìlà wọ̀nyẹn lọ. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ tó ní òun ò mọ̀ mí, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé ìka ti ìyá yẹn á ti pé ní ìlà, torí ìwọ lò ń bá a fọṣọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, òtútù ilé náà náà wọ̀ mí lára, inú mi sì ṣófo. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Ọwọ́ kan gbá mi mú kí n tó dé ilẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni, ó wọ aṣọ funfun àwọn tó ń ta oògùn. Òun ló kàn lẹ́yìn mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tò, ó fi ìlà sílẹ̀. Ó mú mi jókòó, ó rí i pé bàtà ń há mi, ó bọ́ ọ. Ó rí èékánná mi, mo mọ̀ pé ó rí i, ó kàn rọra fi aṣọ mi bò ó ni. Ó yọ búrẹ́dì nínú báàgì rẹ̀, ó ní Màmá, ẹ jẹ ẹ́. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ló mú ìpara, ó ń fi ra àtàǹpàkò mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan tó sọ nù sínú iyanrìn. Ó ní ìka ìyá ìyá òun náà máa ń gbẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó nù ún, ó mú mi padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò ké mọ́, iná rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Akọ̀wé ní ó ti rí mi. Mo ní kó bá mi bi í bóyá ó yé e pé èmi nìkan ni.

A padà lọ jókòó kí n lè wọ bàtà mi padà. Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún. Ìpara kún ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, ohùn ìyá rẹ̀ sì jáde síta ketekete. Ìyá náà ní kí ló ń dá a dúró, pé òun ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Ọmọ náà ní kí wọ́n má bínú, òun wà lọ́dọ̀ Màmá ní báńkì. Ìyá náà wá ní Màmá wo? Ó tún un sọ, ó ní òun ní Màmá wo?

Ọmọ mi, mo mọ ohùn yẹn. Ohùn mi ni. Bí mo bá gbọ́ ọ nínú òkùnkùn màá dá a lóhùn.

Mo ní kí ọmọ náà gbé fóònù sún mọ́ mi. Mo kí ìyá rẹ̀, mo ní ẹ má bínú, mi ò fẹ́ gba ọmọ yín, mo kàn fara tì í kí ilẹ̀ tó dúró ni. Mo ní èmi náà bí ọ̀kan, ìlú ńlá ló wà, ó ń gé èékánná fún ìyá ẹlòmíì. Ohun tó béèrè ni pé ṣé ọmọ òun ti jẹun, torí kì í jẹun láàárọ̀. Mo wo ọwọ́ mi. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni mò ń jẹ! Èèyàn kì í purọ́ irú ẹ̀ fún abiyamọ. Mo ní èmi ni mo jẹ ẹ́ o, ó ku ìdajì. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun fi ìdajì yẹn sí i lẹ́nu, pé bó bá ní òun ti yó, kí n má gbọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sí báńkì, mò ń fún ọmọ ọlọ́mọ lóúnjẹ lójú gbogbo èèyàn, ìyá rẹ̀ sì ń fetí sí i bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Lójú ọ̀nà, bí mo ṣe ń bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Bíríkìlà ti sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi pé òkè òkun ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá yín yẹn bí wà. Owú ni ò jẹ́ kí etí mi gbà á. Ọmọ yẹn náà á máa wo àwòrán kó tó pòórá. Á rí ọwọ́ rẹ lára ìyá rẹ̀, á sì fẹ́ kí ó jẹ́ ọwọ́ òun.

Nítorí náà, máa gé èékánná wọn lọ. Fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹ́ kí o tó gé e, torí ti àgbà le bí ìwo, má sì gé igun rẹ̀ wọnú. Bó o bá ń mú wọn sọ̀kalẹ̀, ìwọ ni kó wà nísàlẹ̀, ẹni tó wà lókè ò lè gba ẹni tó ń ṣubú. Bó o bá ti gbé oúnjẹ kaná, kan ilẹ̀kùn wọn, àgbà tó ń dá jẹun kì í jẹ ẹ́ tán. Jẹ́ kí wọ́n máa bora, màá rán òmíràn. Àmọ́ Màmá yẹn, gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Àgbà ni kí o máa pè wọ́n. Mi ò tíì dára tó ìyẹn.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kò ní sọ nù, ẹ̀rọ ti mọ̀ mí. Páànù la fẹ́ fi tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, mo sì fẹ́ ra nǹkan dání lọ kí ìyá ọmọ onípara yẹn, torí ó ti ní kí n wá. Fi owó ọkọ̀ sí i, mò ń bọ̀ wá kí ọ. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni màá sùn sí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí i de ìgbà tí mo bá dé.

Ọwọ́ tó o fi ń gbé àgbà dìde ò ní rọ. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti fẹ́ yẹ̀, wàá rí ẹni gbá ọ mú. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́ rí á ṣe ọ́ bí ọmọ ìyá. Wàá lọ́kọ, wàá bímọ, ọmọ rẹ á sì rántí ilé.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n kí Ìyá Àgbà náà. Mo ti kí ọ.

Èmi ni,
Màmá rẹ.