Ẹ̀yin Tí Ẹ Ti Wà Lọ́nà

Bọ̀dá Muideen,

Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Ẹ gbé e kaná kó má baà kan. Ẹ má wá fọ́tò Nimat lára ògiri, èmi ni mo mú un.

Mo dé bọ́sítọ́ọ̀pù Kétu ní aago méje gẹ́lẹ́. Igba èèyàn ló kọ ọ́ sórí Wasáàpù pé àwọn máa bá wa wọ́de torí ogun Sudan. Èmi àti ìyá àgbà kan tó ń dúró de mọ́tò la jọ wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sí gúrùpù pé níbo ni wọ́n wà. Gbogbo wọn ní, "Mo ti wà lọ́nà."

Ìyá yẹn ka páálí ọwọ́ mi, ó ní ta ló ń jẹ́ Nimat. Mo ní àbúrò wa tó lọ kàwé ní Khartoum ni, látìgbà tí ogun ti dé a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó ní Ọlọ́run á mú un délé. Mọ́tò rẹ̀ dé, ó lọ.

Omi ni mo wá mu nílé, mo tún ń padà lọ.

Ẹ̀yin náà kọ "Mo ti wà lọ́nà," bọ̀dá mi. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mò ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń hanrun.

Roheemat