Wisikí Àgbá Wáìnì àti Imú Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kẹta
Ibà ti lọ, imú kò tíì dé. Ọkọ mi, tí gbogbo ilé ìpọntí ń pè ní Onímú, tó ń fi imú jẹun kí n tó mọ̀ ọ́n, kò gbóòórùn àlùbọ́sà tí mo dín jóná láàárọ̀. (Níwájú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí, Onímú ni.) Ọ̀gá wọn fi ìgò kan ránṣẹ́: wisikí tí wọ́n fi ọkà báálì nìkan pọn, tó dàgbà nínú àgbá lásán, kí wọ́n tó dà á sínú àgbá tí wáìnì dídùn ti gbé rí. Onímú ló yan àwọn àgbá náà kó tó ṣàìsàn. Òun ni yóò sọ bóyá ó ti tó kó jáde. Bí imú kò bá dé kí ọ̀gá tó wá ní Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíì ni yóò gba àga rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4
Ó gbé gíláàsì símú, ó gbé e kalẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo lọ ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6
Ó ní kí n bá òun gbóòórùn ẹ̀. Èmi aránṣọ, tí ọtí kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Mo ní ó ń rùn bí ọtí. Ó rẹ́rìn-ín — àkọ́kọ́ látìgbà ibà. Ó kọ́ mi: kí n fi àtẹ́lẹwọ́ mú ìdí gíláàsì gbóná, kí n la ẹnu díẹ̀, kí n kán omi sí i. Mo ní ó jọ aṣọ òwú tí áyọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní igi àgbá àkọ́kọ́ nìyẹn, kí n máa bá a lọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8
Mo tọ́ ọ wò. Ó kọ́kọ́ ta mí lẹ́nu, ó wá dùn — àjàrà gbígbẹ, oyin. Ó bi mí bóyá adùn wáìnì bo ọkà mọ́lẹ̀. Mo ní rárá, wọ́n jókòó ti ara wọn ni. Ó di ọwọ́ mi mú títí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Àìkú, ọjọ́ 9
Imú kò dé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 12
Mo ní kó kúkú sọ ohun tí mo bá sọ fún ọ̀gá, ta ni yóò mọ̀? Ó ní bí òun bá fi imú ìyàwó òun purọ́, kò sẹ́ni tí yóò gba imú òun gbọ́ mọ́. Ó mú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára ìṣó, ó ká a. Ó dùn mí wọra.

Ẹtì, ọjọ́ 14
Ọ̀gá dé lọ́sàn-án. Nílé wa, ọṣẹ kì í kan gíláàsì ìtọ́wò, omi gbígbóná nìkan ni. Àmọ́ àyà mi ń já, mo ti fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ abọ́ láìmọ̀. Onímú gbé e símú, ó ti múra láti sọ fún ọ̀gá pé imú òun kò dé. Ó dúró. Ó fajú ro, ó yíjú sí mi.

"Ta ló fi ọṣẹ fọ gíláàsì yìí?"

Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá rò pé Onímú bú mi ni, ó ń bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo yíjú sí Onímú, mo ní, "Ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n kó tó dé orí ọṣẹ.

Mo fọ òmíì níṣojú wọn. Ó gbóòórùn, ó tọ́ ọ wò, ó pẹ́ kó tó gbé e kalẹ̀. Ọ̀gá ń retí ìdájọ́. Onímú na gíláàsì sí mi.

"Ìwọ kọ́kọ́ sọ tìẹ."