Píìnì Kan Ṣoṣo Létí Òkun

Ilé Kẹta, Òpópónà Chapel,
Kirkhollin,
Skelderdale,
Yorkshire.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹta, 2016.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Lorna,

Ṣé dáadáa lo wà? Gareth ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà á láyè láti máa lọ pẹja? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí àbúrò ti ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, inú mi dùn sí i. Afẹ́fẹ́ òkun Aberaeron ńkọ́, ṣé kò tíì ṣí òrùlé yín lọ? Lọ́dọ̀ tiwa níbí, yìnyín ṣì wà lórí òkè, inú rẹ̀ náà sì ni àwọn àgùntàn ń bímọ sí. Ara mi le, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkàn mi kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ lẹ́tà gígùn sí ọ, èmi tí n kì í fi ohun tó ju káàdì Kérésìmesì lọ ránṣẹ́ láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ. Jọ̀wọ́, fi sùúrù kà á dópin. Ọ̀rọ̀ rẹ wà nínú rẹ̀.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ni mo ti ń tọpa orúkọ wa. Ogún ọdún rèé. Máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tó bá a pààlà wà lára ògiri ilé ìdáná mi, gbogbo ibi tí Garthlow kan bá wà ni mo gún ní píìnì: pupa fún alààyè, dúdú fún àwọn ti àtijọ́. Nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1881, mẹ́tàlélógójì péré ni àwọn Garthlow ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Méjìdínlógójì wà ní Skelderdale níbí, márùn-ún ti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú ní Burnley. Lónìí, méjìdínlógún ni píìnì pupa. Mo máa ń yangàn fún àwọn àlejò pé ọmọ bàbá kan ni gbogbo wa. Píìnì dúdú kan ṣoṣo ló dá wà létí òkun Cumberland, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Sandwath, níbi tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún William Garthlow kan lọ́dún 1746. Mo ti gbà pé akọ̀wé ló ṣàṣìṣe. Kí ni Garthlow ń wá létí òkun? Àgùntàn àti òjé tí à ń wà nínú òkè ni a mọ̀. Mi ò yọ píìnì náà torí pé ihò rẹ̀ máa hàn lára ògiri.

O rántí Ilé Josias, yàrá mẹ́fà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Josias Garthlow tó ń ṣòwò òjé ló kọ́ ọ, kò bímọ, ó sì fi ilé náà sílẹ̀ lọ́dún 1702 fún àwọn àgbàlagbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, láti ìdílé àbúrò rẹ̀. Bí irú wọn bá tán níbẹ̀, kí wọ́n ta ilé náà, kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún afárá ṣe. Àǹtí Thirza, àbúrò àwọn bàbá wa, nìkan ló kù níbẹ̀ báyìí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, wọ́n sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nínú yàrá wọn. Yàrá márùn-ún yòókù ṣófo. Àwọn alábòójútó márùn-ún ló ń mójú tó ilé náà, agbẹjọ́rò wọn sì ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sallow, tó fẹ́ kí wọ́n tà á fún àwọn tó máa sọ ọ́ di ilé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, Sallow kọ̀wé sí Àǹtí Thirza pé wọn kì í ṣe ọmọ ìdílé náà. Lorna, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu nígbà tí mo rí ohun tó fi ṣe ẹ̀rí. Ìwé pélébé tí èmi fúnra mi kọ nípa ìran wa ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé William ọmọ Anthony, láti ìdílé àbúrò Josias, tí wọ́n ṣèrìbọmi fún níbí ní 1743, gbéyàwó ní 1768, àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa ti ṣẹ̀. Sallow ṣí ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì wa. William kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1745. Òkú ọmọ ọdún méjì ni mo fún níyàwó! Bẹ́ẹ̀ gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní ilé ìkàwé pé kí wọ́n wo ìwé ìsìnkú kí wọ́n tó wo ìwé ìgbéyàwó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé èmi ni irọ́ náà máa bá rìnrìn-àjò. Anthony kò sì ní ọmọkùnrin mìíràn nínú ìwé kankan níbí, bẹ́ẹ̀ òun ló gbẹ̀yìn ìdílé náà. Sallow ní bí a kò bá rí ẹ̀rí mìíràn mú wá sí ìpàdé ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, kí Àǹtí Thirza ti kó ẹrù wọn kí Àjíǹde tó dé.

Èmi ni mo lọ ka lẹ́tà náà fún wọn. Wọ́n ń hun ìbọ̀sẹ̀, wọn ò sì dáwọ́ dúró.

“Ṣé ilé ìtọ́jú tó wà nígboro ni wọ́n fẹ́ kí n lọ?” wọ́n bi mí. “Níbi tí wọ́n ti ń tò wá síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ìkòkò òdòdó? Kí wọ́n yáa gbẹ́lẹ̀ mi kó yá.”

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àṣìṣe mi ni.”

“Mo gbọ́ pé àṣìṣe ẹ ni. Ìwọ lo já okùn yìí, Enid. Lọ so ó.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wá inú gbogbo ìwé tó wà ní agbègbè yìí. Àpótí ìwé Ilé Josias fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn alábòójútó, wọn kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo ń da omi gbígbóná sí tíì ni ojú mi bọ́ sára píìnì tó dá wà létí òkun. William Garthlow, 1746. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí William àkọ́kọ́ kú. Mi ò mu tíì náà mọ́.

Ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta ni mo wọ̀ kí n tó dé ibi tí wọ́n tọ́jú àwọn ìwé Sandwath sí. Obìnrin tó ń ṣọ́ wọn gbé ìwé náà ka orí tìmùtìmù fún mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìlà àkọ́kọ́ kà báyìí: William, ọmọ Anthony Garthlow, awakùsà òjé láti Skelderdale. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìlà kejì, tí wọ́n kọ wínníwínní: ọmọ bí ọdún mẹ́ta, a kò mọ òbí rẹ̀, inú ọkọ̀ tó rì ni wọ́n ti yọ ọ́, Anthony tó kó òjé wá sí èbúté gbà á ṣe ọmọ, ó sì fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ tó kú sọ ọ́.

Lorna, mo tún ìlà kejì náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀dọ̀ ọmọ yìí ni bàbá mi ti ṣẹ̀, àti bàbá rẹ, àti Àǹtí Thirza, àti gbogbo píìnì pupa tó wà lára ògiri mi. Ẹ̀jẹ̀ Josias kò sí lára ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo rí okùn tí mo ń wá, mo sì rí ọ̀bẹ tó máa gé e lójú ìwé kan náà.

Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nínú ọkọ̀, mo ṣẹ́ ìwé náà po kí ìlà kejì lè wọ abẹ́. Mo ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dúró. Mo jẹ́wọ́ fún ọ, torí pé mi ò fẹ́ fi ohunkóhun pa mọ́ fún ọ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé arúgbó kan ni mo fẹ́ gbà là, pé ta ló máa lọ dé Sandwath lọ wò ó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo mú un lọ fún Àǹtí Thirza. Wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé, wọ́n kà á, wọ́n yí i sẹ́yìn.

“Kí ló wà níbi tó o ṣẹ́ yìí?”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Àǹtí.”

“Enid, mo bá wọn fọ ìdọ̀tí ìdí ẹ, nítorí náà má purọ́ fún mi. Ẹni tí kò ní nǹkan í fi pa mọ́ kì í ṣẹ́ bébà lẹ́ẹ̀mejì.”

Wọ́n fi èékánná tú u. Wọ́n kà á, ètè wọn ń mì. Mo ti ń múra bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n pé kí a padà ṣẹ́ ẹ po. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, “Báwo ni Lorna?”

Mi ò kọ́kọ́ mọ Lorna tí wọ́n ń sọ.

“Ọmọ Wilfred! Èyí tí wọ́n gbà tọ́. Kí ni mo sọ fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ tí gbogbo ìdílé ya fọ́tò?”

Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ jáde, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, bí ẹni pé àná ni: “Mo ní, ‘Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Garthlow bá wà lára ẹ̀ nìkan ni kó dúró. Lorna, lọ bá wa di àwọn báàgì mú.’”

Ẹyin lọ̀rọ̀, àbúrò mi. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ìyẹn ti balẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọ́, o wọ aṣọ yẹ́lò, o ti wá àyè fún ara rẹ ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Ilé Josias. Bàbá rẹ ti lọ gbé mọ́tò, kò gbọ́. O kó báàgì wa lọ sẹ́bàá ògiri, o sì dúró síbẹ̀. Mo ti pé ogún ọdún nígbà náà, mo rí ọ, mo sì mọ̀ pé kò dáa. Mo tún irun mi ṣe, mo kọjú sí kámẹ́rà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo bi Àǹtí Thirza bóyá a lè fi ìlà kejì sílẹ̀, torí yàrá wọn. Wọ́n ní, “Kí n máa sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn? Rárá o. Ṣí i sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ìpàdé náà wáyé ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé. Pickersgill tó ń sin àgùntàn, tí èmi àti ìwọ jọ mọ̀ láti kékeré, ni alága àwọn alábòójútó. Mo ti gbọ́ pé òun náà fẹ́ kí wọ́n ta ilé náà, torí òrùlé tó ń jò. Lẹ́yìn tí Sallow rojọ́ tán, Àǹtí Thirza fi ọ̀pá gbéra nílẹ̀, wọ́n fi ìwé náà lélẹ̀ níwájú àwọn alábòójútó. Wọ́n ní, “Ẹ ka ìlà méjèèjì. Ẹ má fo ìkejì.”

Sallow kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹnu ara yín lẹ fi lé ara yín jáde yìí o. Ẹ ò bá Josias tan.”

Pickersgill ń wo ìwé náà ṣáá. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé àpótí Ilé Josias wá. Ó fi itọ́ sí ìka, ó ń ṣí ìwé igba ọdún bí ìwé ìròyìn àná. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, mi ò bá ti lù ú lọ́wọ́. Ó dúró lórí ọdún 1812, ó kà á sókè: “William Garthlow, ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, ẹni tí Anthony gbé wá láti etí òkun. A gbà á wọlé.”

Ó pa ìwé náà dé. Ó kọjú sí Sallow. “Àwọn tó gbà á yìí mọ̀ ọ́n lójúkojú,” ó ní. “Wọ́n mọ ibi tó ti wá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ṣé kí èmi wá jókòó síbí, kí n máa sọ pé mo mọ Garthlow jù wọ́n lọ?”

Wọ́n dìbò, mẹ́ta sí méjì. Àǹtí Thirza ò ní kúrò níbẹ̀. Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé, Pickersgill sì ní kí n má bomi sórí ìwé òun.

Mo rò pé ilé ni Àǹtí Thirza fẹ́ kí n gbé wọn lọ. Wọ́n ní rárá, ọ̀dọ̀ mi ni. Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọn ò bọ́ kóòtù, wọ́n dúró síwájú máàpù.

“Lorna ńkọ́? Níbo ló wà níbí?”

Mo sọ fún wọn pé kò sí níbẹ̀. Ogún ọdún, Lorna, mo gún píìnì fún ẹni tí mi ò rí rí ní Scotland, mi ò gún ti àbúrò mi.

“Ṣé ó ṣì ń jẹ́ orúkọ náà?”

Mo ní o ṣì ń jẹ́ ẹ, pé o kò fi sílẹ̀ nígbà tó o wọlé ọkọ. Wọ́n bojú wolẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́ sí mi fún píìnì. Mo fi Aberaeron hàn wọ́n. Ògiri le, ẹ̀ẹ̀kejì ló tó wọlé. Wọ́n ní, “Kọ̀wé sí i. Kó wá bú mi tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó wá.”

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ni gbogbo wa máa pàdé ní Ilé Josias, a sì tún máa ya fọ́tò. Àǹtí Thirza ní àwọn ò ní jókòó bí ìwọ ò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Mi ò ní kí o dárí jì wá kí o tó wá. Bá mi kí Gareth, kí àwọn ọmọ pẹ̀lú, sì sọ fún káfíńtà kékeré yẹn pé òrùlé Ilé Josias ń wá ẹni tó máa tún un ṣe.

Kí n tó mú kálàmù láàárọ̀ yìí, mo tún píìnì pupa kà. Mọ́kàndínlógún ni wá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó yẹ kó ti bá ọ di báàgì mú lọ́jọ́ náà,

Enid Garthlow.