Iyanrìn Tí Mo Fọ̀ àti Ilé Wa Létí Adágún

Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníkọ̀ǹkọ̀sọ̀ níbi iṣẹ́ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé. Ọkàn mi nìkan ni kò dúró sójú kan. Bàbá Ọmọ mi àti Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lápá òkè ìlú, ni mo fi ṣe alámòójútó.

1. Ilé wa. Níbi iṣẹ́ wa, Bàbá Ọmọ ló ń fi katakata kó òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn jọ sórí òkìtì tó wà lókè adágún. Iṣẹ́ tèmi ni láti bu nínú òkìtì náà, kí n jọ̀ ọ́, kí n wọn ẹyọ rẹ̀, kí n sì tẹ iye rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á wá fi hàn wá, bí òkìtì bá wó sínú omi, ibi tí ìgbì máa gbá dé. Ó ní kò ní kọjá àtẹ̀gùn ilé wa. Inú wa dùn, a kun ilé.

Àṣírí mi rèé: mo fọ iyanrìn náà kí n tó wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ìdọ̀tí ni mi ò lè fara dà, ẹyọ tó kéré jù sì bá omi lọ. Nígbà tí mo lo èyí tí mi ò fọ̀, kọ̀ǹpútà ní ìgbì máa gun fèrèsé yàrá ọmọ. Mo bu garawa mìíràn, ìyẹn ní ẹnu ọ̀nà ló máa dúró. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ò mọ ìdọ̀tí, iye tí a bá tẹ̀ sí i nìkan ló mọ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ilé tí mi ò mọ̀ bóyá omi ló máa jogún rẹ̀, ta ni kí n há a fún? Bàbá Ọmọ ni kó mú un. Ó ní òun mọ òkìtì yẹn bí ẹni mowó, òun ò kó lọ síbì kankan.

2. Ewúrẹ́ mi di ti Àǹtí. Àǹtí, ẹ ti sọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan màá fọ ohun tí kò yẹ ní fífọ̀, mo sì gbó yín lẹ́nu. Ẹ gba ewúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má ṣe máa sọ káàkiri pé ẹ ti wí.

3. Kọ̀ǹkọ̀sọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fún Ọ̀gá. Ìwé tí mo kọ àṣìṣe mi sí ti wà lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bó bá fẹ́ lé mi, kó lé mi.

4. Ọmọ mi. A kì í há ọmọ bí ẹrù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ lónìí, yóò ti wà lọ́dọ̀ Àǹtí, tòun ti ibùsùn rẹ̀. Bàbá Ọmọ, ẹ ó bínú. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ṣì í, ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí láé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣì í, tí ọmọ sì wà nínú ilé yìí, kò ní sí ọmọ tí a máa jà lé lórí mọ́.

Mo fọwọ́ sí i,
Ìyá Oníkọ̀ǹkọ̀sọ̀.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án.

Àwọn tó rí mi: aránṣọ ojúlé kejì, tó bá mi di ẹrù ọmọ, àti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ibi iṣẹ́ wa.